Spacer àti taya fún ọkọ̀ sports: ohun tí mo ti kọ́ nídìí Toyota 86

Ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń bi mí ni pé, "Spacer mìlímítà mélòó ni kí n rà?" Mi ò lè dáhùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà á bi onítọ̀hún léèrè: iwájú ni àbí ẹ̀yìn? Taya wo ló wà lórí rímù? Báwo ni rímù ọ̀hún ṣe fẹ̀ tó, kí sì ni offset rẹ̀? Paríparí rẹ̀, àlàfo mélòó ló kù láàárín taya àti sọ́ọ̀kì (shock absorber) nínú lọ́hùn-ún? Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí kò tíì ṣe tán láti ra nǹkan kan.

Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé: spacer ni irin roboto pẹlẹbẹ, alumíníọ́mù ló sábà máa ń jẹ́, tí a ń fi há àárín họ́ọ̀bù (ibi tí a ń de wíìlì mọ́) àti rímù kí wíìlì lè sún síta. Ó lè tín-ín-rín bíi mìlímítà 3, ó sì lè nípọn tó 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ń mú un wu ọ̀pọ̀ èèyàn kò ju ojú lọ: taya tó kún fẹ́ndà dáadáa rẹwà ju èyí tó rì sínú lọ. Èmi náà fẹ́ràn ẹwà yẹn, mi ò ní purọ́. Àmọ́ láti ìgbà tí mo ti ń fọwọ́ ara mi tún ọkọ̀ mi ṣe, Toyota 86 ti ìran àkọ́kọ́, tó jáde ní 2012, mo ti rí i pé spacer àti ìwọ̀n taya kì í ṣe ìpinnu méjì. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n. Mìlímítà tí ẹ bá ná sórí taya ti kúrò nínú èyí tí ẹ lè ná sórí spacer, àyè tó wà lábẹ́ fẹ́ndà kì í sì í pọ̀ sí i nítorí pé nǹkan wù wá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí rímù. Èyí tí 86 mi bá wá láti ilé iṣẹ́ ga ní íǹṣì 17, ó fẹ̀ ní íǹṣì 7, offset rẹ̀ sì jẹ́ 48. Offset ni iye mìlímítà tó wà láàárín ojú ibi tí rímù ti ń kan họ́ọ̀bù àti àárín gbùngbùn fífẹ̀ rímù náà. Bí ó bá pọ̀, wíìlì á wọ inú. Bí ó bá dínkù, wíìlì á yọ síta. Gbogbo ohun tí spacer mìlímítà 10 ń ṣe ni pé ó ń yọ 10 kúrò nínú offset: 48 á di 38.

Ìṣirò rẹ̀ kò le rárá. Íǹṣì 7 jẹ́ mìlímítà 177.8, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 88.9. Ẹ fi 48 kún un, ẹ ó rí 136.9, ibi tí rímù wọlé dé nìyẹn láti ojú họ́ọ̀bù. Ẹ yọ 48 kúrò lára 88.9, ó ku 40.9, ibi tó jáde dé nìyẹn. Ká wá sọ pé rímù tuntun tí mo ń wò fẹ̀ ní íǹṣì 8, offset rẹ̀ sì jẹ́ 45. Ìdajì íǹṣì 8 jẹ́ 101.6, nítorí náà inú di 146.6, ìta di 56.6. Rímù ti fi 9.7 sún mọ́ sọ́ọ̀kì, ó sì ti fi 15.7 yọ síta. Ọ̀pọ̀ èèyàn á wo 45 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 48, wọ́n á ní mìlímítà mẹ́ta péré ni wọ́n fi yàtọ̀. Rárá o. Fífẹ̀ tí rímù fẹ̀ sí i ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, inú ló sì ti ń ṣe é níbi tí ojú kò tó.

Bí mo bá wá fi spacer mìlímítà 5 há rímù íǹṣì 8 yìí, inú á padà sí 141.6, ìta á dé 61.6. Ibí yìí ni mo ti ń rí spacer bí irinṣẹ́, tí kì í ṣe ọ̀ṣọ́: rímù ti wà nílẹ̀, àyè inú kù díẹ̀ káàtó, ìta sì ṣì ní àyè. Bí èèyàn kò bá tíì ra rímù, kó kúkú ra èyí tí offset rẹ̀ tọ́, kó sì yọ ara rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ spacer pátápátá.

Wíwọn ìta kò nira. Ẹ so nǹkan wúwo mọ́ òwú, ẹ jẹ́ kó rọ̀ wálẹ̀ láti etí fẹ́ndà, ẹ fi rúlà wọn bó ṣe jìnnà sí ara taya. Inú ni iṣẹ́ wà. Amọ̀ aláwọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré ni mo máa ń lò. Màá yọ wíìlì, màá lẹ òkìtì amọ̀ kan tó nípọn tó àtàǹpàkò mọ́ ara sọ́ọ̀kì níbi tí taya ti sún mọ́ ọn jù, màá tún lẹ òmíràn sí abẹ́ etí fẹ́ndà. Màá fi omi pa taya kí amọ̀ má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn tí mo bá ti dá wíìlì padà, màá yí sítíárìn dé òpin lápá méjèèjì, màá kó ẹrù sínú búùtù, màá sì rọra wa ọkọ̀ gba ibi tó ní òkè àti kòtò díẹ̀. Bí mo bá tún yọ wíìlì, màá rí ibi tí taya ti tẹ amọ̀ fẹ́lẹ́. Màá fi bíléèdì gé e láàárín, màá wọn bó ṣe nípọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́ọ̀kì, bí ó bá kéré sí mìlímítà 4, mi ò ní gbà á. Ẹ̀gbẹ́ taya máa ń tẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń ya kọ́nà pẹ̀lú eré, nítorí náà àlàfo tó tó lórí ìdúró lè má tó lórí ìrìn. Mo ti rí taya tí sọ́ọ̀kì ti fá ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú yípo, tí ẹni tó ni ọkọ̀ kò sì mọ̀, nítorí pé ìta nìkan ló ń fọ̀.

Ó wá ku taya. Lára èyí tí ọkọ̀ mi bá wá, wọ́n kọ 215/45R17. 215 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà. 45 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn. 17 sì ni gíga rímù tó wọ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ 96.75. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pẹ̀lú rímù tó jẹ́ 431.8 di mìlímítà 625.3, ìyẹn gíga taya lódindi láti ilẹ̀ dé òkè. Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣírò kí n tó wo fífẹ̀, nítorí òun ni jíà, mítà eré àti ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí bíréèkì há taya pa) gbára lé. 225/45R17 jẹ́ 634.3, ó fi ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ilé iṣẹ́ lọ. Bí mo bá fẹ́ rímù íǹṣì 18, 215/40R18 jẹ́ 629.2, 225/40R18 sì jẹ́ 637.2. Gbogbo ìwọ̀nyí kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n 235/40R18 ti di 645.2, ó ti fi ju ìdá 3 lọ. Bí mítà bá péye tẹ́lẹ̀, nígbà tó bá ń ka 100 ọkọ̀ ti ń sá 103. Òfin ọkọ̀ ti UNECE, àjọ kan lábẹ́ Àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò, sọ pé mítà kò gbọ́dọ̀ ka iye tó kéré sí eré tí ọkọ̀ ń sá gan-an. Yàtọ̀ sí òfin, taya tó ga jù ń mú kí jíà gùn. Ẹ́ńjìnnì lítà 2 tí kò ní turbo, irú tèmi, kò ní agbára tí yóò fi ṣòfò bẹ́ẹ̀.

Nínú ìṣirò yìí, taya kan wà tó máa ń fa ojú èèyàn mọ́ra: 245/40R17. Gíga rẹ̀ jẹ́ 627.8, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ilé iṣẹ́ dọ́gba, ó sì fi mìlímítà 30 fẹ̀ jù ú lọ. Ta ni kò ní fẹ́ ẹ? Àmọ́ rímù tí wọ́n ṣe é fún bẹ̀rẹ̀ láti íǹṣì 8, ó sì dé 9.5. Bí a bá fún un mọ́ orí rímù íǹṣì 7, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á wú jáde, orí rẹ̀ á tẹ̀ kọdọrọ, sítíárìn á sì máa pẹ́ dáhùn. Èèyàn á sanwó taya tó fẹ̀, á wá gba ọkọ̀ tó ń ṣe bí ẹni tó ń tòògbé. Bákan náà, nọ́ńbà fífẹ̀ ara taya kì í ṣe ohun tí ẹ ó rí gẹ́lẹ́ bí ẹ bá fi rúlà wọ̀n ọ́n. Orí rímù kan pàtó ni wọ́n ti ń wọn taya kọ̀ọ̀kan. Bí rímù tiyín bá fi ìdajì íǹṣì fẹ̀ ju ìyẹn, kí ẹ máa retí pé taya á fi bíi mìlímítà 5 fẹ̀ sí i. Orí rímù íǹṣì 7.5 ni wọ́n ti ń wọn 225/45R17, torí náà lórí íǹṣì 8 tèmi ó súnmọ́ 230. Taya ilé iṣẹ́ méjì tó ní nọ́ńbà kan náà lára pàápàá lè má fẹ̀ bákan náà. Ìdí nìyẹn tí amọ̀ fi ń tẹ̀ lé ìṣirò, tí kì í ṣe pé ìṣirò rọ́pò amọ̀.

Nípa ẹrù àti eré, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. 87W tí wọ́n kọ tẹ̀ lé ìwọ̀n taya mi túmọ̀ sí kìlógíráàmù 545 fún taya kọ̀ọ̀kan, àti eré tí kò kọjá kìlómítà 270 ní wákàtí kan. Ẹ lè ra èyí tó ju ti ìwé ọkọ̀ yín lọ. Ẹ má ra èyí tó kéré sí i.

Ohun kan wà nípa 86 tí mo fẹ́ràn láti máa sọ. Taya tí wọ́n fi sí i ní ọ̀pọ̀ ọjà ni Michelin Primacy HP, irú èyí tí wọ́n fi sí Prius náà nígbà yẹn, ọkọ̀ tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú eré. Kì í ṣe pé wọ́n ṣahun. Wọ́n fẹ́ kí ẹ̀yìn ọkọ̀ lè yọ̀ lórí eré tí kò pọ̀, kí awakọ̀ máa fọwọ́ ara rẹ̀ gbádùn rẹ̀. Bí ẹ bá gbé taya tó fẹ̀ tó sì lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ gírígírí sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ti gba ìwà yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú tèmi, ìyàtọ̀ tó wà láàárín rọ́bà líle àti rọ́bà tó ń di ilẹ̀ mú ju èyí tó wà láàárín 215 àti 225 lọ fíìfíì. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ túbọ̀ máa di ilẹ̀ mú, kó kọ́kọ́ pààrọ̀ irú taya, kó fi ìwọ̀n sílẹ̀ bó ṣe wà. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó lè wá mọ̀ bóyá fífẹ̀ ló kù.

Spacer pẹ̀lú ń yí ìwà ọkọ̀ padà, ọ̀pọ̀ kò sì ń rò ó. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń ya kọ́nà, ìwúwo rẹ̀ ń rọ́ lọ sórí taya tó wà ní ìta kọ́nà. Bí àárín taya ọ̀tún àti ti òsì bá ṣe jìnnà síra tó ni ìwúwo tó ń rọ́ lọ náà ṣe ń dínkù, àwọn méjèèjì á sì lè jọ dì mọ́ ilẹ̀. Torí náà, spacer níwájú ń ran iwájú lọ́wọ́. Spacer lẹ́yìn ń ran ẹ̀yìn lọ́wọ́. Ẹ̀yìn nìkan ni àwọn èèyàn máa ń fẹ́ fi sí nítorí ẹ̀yìn ló sábà ń rì sínú fẹ́ndà. Ohun tí wọ́n máa ń gbà padà ni ọkọ̀ tí iwájú rẹ̀ kì í fẹ́ wọ kọ́nà mọ́, tó ń tì jáde. Lórí ọkọ̀ tí gbogbo adùn rẹ̀ wà nínú bí iwájú ṣe ń gbọ́ràn, mi ò rí èrè níbẹ̀.

Iwájú náà ní owó orí tirẹ̀. Bí a bá ń yí sítíárìn, wíìlì ń yí lórí ìlà kan tó gba inú sọ́ọ̀kì wálẹ̀. Ibi tí ìlà yẹn ti kan ilẹ̀ kò jìnnà sí àárín taya, àwọn ẹlẹ́rọ sì fara balẹ̀ yan ìjìnnà náà. Gbogbo mìlímítà spacer ló ń fi kún un. Lórí 5, agbára káká ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Mo ti wa ọkọ̀ ẹlòmíràn tó ní 20 níwájú: ní gbogbo ibi tí táyà ọkọ̀ ńlá bá ti wa ojú ọ̀nà di poro, sítíárìn ń fà mí lọ́wọ́ lọ síbi tó wù ú, bí mo bá sì tẹ bíréèkì tí taya kan wà lórí omi, ó fẹ́ yí mọ́ mi lọ́wọ́. Bẹ́ríìnì họ́ọ̀bù náà ń gbé ẹrù tó jìnnà sí i ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Kì í ṣe pé á kú lọ́la, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ sí i.

Bí ẹ bá ti wọn gbogbo èyí tán, tí spacer ṣì tọ́ sí i, ẹ wo spacer náà fúnra rẹ̀. Họ́ọ̀bù 86 ní ètè roboto kan láàárín tó jẹ́ 56.1 mìlímítà, rímù ń jókòó lé e lórí kó lè wà ní àárín gẹ́lẹ́. Ọ̀pọ̀ rímù tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní ihò 73.1, òrùka ni wọ́n fi ń dí ìyàtọ̀ náà. Spacer tó bá ní ètè tirẹ̀ ń gbé ìjókòó yẹn síta. Èyí tó tín-ín-rín kò ní, ètè họ́ọ̀bù tó bá ṣẹ́kù síta lẹ́yìn rẹ̀ ló gbẹ́kẹ̀ lé. Bí ó bá sì bo ètè yẹn mọ́lẹ̀, nọ́ọ̀tì nìkan ló kù tí yóò máa fa rímù sáàárín. Ìgbọ̀nrìrì tó máa ń yọjú ní nǹkan bíi 90 sí 110 kìlómítà, tí wọ́n bálánsì taya títí tí kò lọ, ibẹ̀ ló sábà ń wà.

Ohun tó tún ń bà mí lẹ́rù jù ìyẹn lọ ni stud, ọ̀pá irin tó yọ jáde lára họ́ọ̀bù tí nọ́ọ̀tì ń yí mọ́. Spacer 10 ti gba mìlímítà 10 lára gígùn tí nọ́ọ̀tì ń rí mú. Ti ọkọ̀ mi jẹ́ M12×1.25, ó kéré tán, mo fẹ́ kí nọ́ọ̀tì wọ mìlímítà 12, ìyẹn sì jẹ́ yíyí bíi mẹ́wàá. Ìka ni kí ẹ fi ka á, kì í ṣe ẹ̀rọ. Mo bá ọ̀rẹ́ mi kan ka tirẹ̀: nọ́ọ̀tì yí lẹ́ẹ̀mẹrin, ó dúró gbọn-in. Lójú, ó ti wọlé tán. Sípánà pàápàá á dún bó ṣe yẹ kó dún. Ọjọ́ náà la yọ gbogbo rẹ̀, stud tó gùn ló sì kọ́kọ́ rà kó tó dá spacer padà. Láti bíi 20 lọ sókè, irú spacer tó ní stud tirẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé orí stud ti àkọ́kọ́ kò ní yọ jáde kan ẹ̀yìn rímù. Títo spacer méjì léra ni mi ò ní jíròrò pẹ̀lú ẹnikẹ́ni.

Lórí Porsche àti BMW, bọ́ọ̀tù ni wọ́n ń lò dípò stud. Bí spacer bá jẹ́ 15, bọ́ọ̀tù náà gbọ́dọ̀ fi 15 gùn sí i, kí ọrùn rẹ̀ sì bá ti rímù mu. Roboto ni ti Porsche, ti BMW rí sónsó. Lọ́jọ́ tí ẹ bá yọ spacer kúrò, ẹ yọ bọ́ọ̀tù gígùn náà pẹ̀lú o. Lẹ́yìn Porsche 911, bíréèkì ọwọ́ wà nínú dísìkì níbẹ̀, bọ́ọ̀tù tó gùn jù sì lè gún un.

Kí n tó dè é, búrọ́ọ̀ṣì onírin ni mo fi ń ha ojú họ́ọ̀bù títí á fi dán. Ìpẹtà tín-ín-rín kan tó há sábẹ́ spacer á di ìlọ́po mẹ́ta kó tó dé etí rímù. Mi ò ń fi gíríìsì sí ara stud, nítorí pé ó ń jẹ́ kí nọ́ọ̀tì le kọjá bó ṣe yẹ lórí ìwọ̀n sípánà kan náà. Mo ń fi sípánà oníwọ̀n dè é ní ìdojúkọra, bí ìwé ọkọ̀ ṣe sọ, mo sì ń tún un wò lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà.

Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń fi wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà, bíi 911 Carrera 4 tàbí BMW xDrive, kó má fọwọ́ kan gíga taya iwájú láì fọwọ́ kan ti ẹ̀yìn ní ìwọ̀n kan náà. Ẹ̀rọ tó ń pín agbára fún iwájú àti ẹ̀yìn ló máa san án. Ní Jámánì, spacer gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí, ayẹ̀wò sì lè pọn dandan kí wọ́n tó gbà á lójú ọ̀nà, nítorí náà ẹ wo òfin ibi tí ẹ wà kí ẹ tó ra nǹkan.

Tèmi lónìí jẹ́ rímù íǹṣì 8 offset 45, taya 225/45R17 yíká, spacer mìlímítà 5 níwájú, ẹ̀yìn kò ní nǹkan kan. Rímù náà lè gba 245/40R17, íǹṣì 8 ni òpin ìsàlẹ̀ tirẹ̀. Mi ò tíì rí kọ́nà tó fún mi ní ìdí láti rà á.